ALT gíga, ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá: àkọsílẹ̀ nípa ọmọkùnrin kan ní Òṣogbo

Ọmọ ọdún 5 ni ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n gbé e wá sí láàbù wa, nítòsí Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo. Àlàbí ni màá máa pè é, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló kọ ìwé fún ìyá rẹ̀, ohun tó sì wà nínú ìwé náà kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: LFT, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò ọ̀hún kì í ṣe àkọ́kọ́. Èsì àwọn tó ti ṣe sẹ́yìn pọ̀ nínú báàgì ìyá náà débi pé rọ́bà ló fi dì wọ́n, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti lé lọ́dún kan. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí. ALT ga, AST ga, ìyẹn àwọn ẹ́ńsáìmù méjì tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀jẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dọ̀ ọmọ náà.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ ṣì wà nílé, tí wọ́n ń fún ní àgbo ẹ̀dọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì wo bí wọ́n ṣe ń dìde nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.

Ohun tí wọ́n ti ṣe fún un kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa kò kéré. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún mẹ́dọ̀wú oríṣi B àti C, kò ní ìkankan. Wọ́n ti ya àwòrán inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rí bó ṣe yẹ kó rí. Ojú rẹ̀ kò pọ́n rí, ìtọ̀ rẹ̀ kò dúdú rí, kò ní ara yíyún, inú rẹ̀ kò wú. Síbẹ̀, nítorí pé iye méjì yẹn kò wálẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, wọ́n sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má jẹ́ kó jẹ ohun ọlọ́ràá. Nílé, wọ́n fi tiwọn kún un. Wọ́n gba ẹyin lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀wà, wọ́n gba ẹ̀pà, wọ́n gba ẹran. Ẹ̀kọ mímu àti glucose ló kù tó ń jẹ jù. Àgbo ń bẹ nínú ìkòkò láràárọ̀. Ọmọ tó yẹ kó máa gbilẹ̀ wá rù, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, apá rẹ̀ rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dà bíi pé kò rù.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra mi. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ dúró, omi ẹ̀jẹ̀ tó lé sókè mọ́, àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ ló ní. Mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé kí n lè wò ó dáadáa, nítorí pé bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá bẹ́ nínú ìgò, bóyá abẹ́rẹ́ ló tín-ín-rín jù ni o, bóyá ẹnì kan ló mi ìgò náà jìgìjìgì ni o, omi náà á pọ́n, AST á sì ga láìjẹ́ pé ohunkóhun ń ṣe aláìsàn. Sẹ́ẹ̀lì pupa náà ní AST tirẹ̀ nínú. Ti Àlàbí kò pọ́n rárá. Nígbà tí mo gbé e sínú ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń kà yí padà kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ kò lè kà á tán, mo ní láti fi omi iyọ̀ là á ní ìlọ́po 10 kí n tó tún un ṣe.

ALT jẹ́ 384, AST jẹ́ 297. Nǹkan bí 40 ni òkè tí àwa ń fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù nínú àyẹ̀wò náà dára: bilirubin, ohun tó ń mú ojú pọ́n bó bá pọ̀ jù, jẹ́ 9; albumin, purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, jẹ́ 43; GGT, ẹ́ńsáìmù mìíràn, jẹ́ 13. ALP, ẹ́ńsáìmù tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti egungun, ga díẹ̀, èyí tó jẹ́ ti gbogbo ọmọdé tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ìwé yẹn ni mo jókòó tì. Ẹ̀dọ̀ tó bá ń bàjẹ́ fún odindi ọdún kan débi tí ALT fi máa tó ìlọ́po 9 kì í sábà fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ ní mímọ́ báyìí. GGT ló dùn mí lọ́kàn jù. GGT máa ń jáde láti ara ẹ̀dọ̀ àti ojú ọ̀nà òróòro, kò sí nínú iṣan tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ga nítorí iṣan. Bí ALT bá ga tó báyìí tí GGT sì jókòó jẹ́ẹ́ ní 13, ó yẹ ká béèrè ibòmíràn tí ALT náà ti lè wá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Àlàbí ti wọ́. ALT àti AST kì í ṣe ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn ń tú jáde. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n, òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lára èmi àti ẹ̀yin lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà tí a bá jẹ máa ń dà di amáínò ásíìdì nínú ara. Amáínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan ní apá kan tí wọ́n ń pè ní apá amáínò, náítírójìn kan pẹ̀lú háídírójìn méjì. Ara kì í kàn da apá yìí nù. Àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí ló ń bọ́ ọ lára ọ̀kan tí wọ́n ń gbé e fún òmíràn, bí alábàárù ọjà Ìgbóná ṣe ń gbẹ́rù kúrò ní ìsọ̀ kan lọ sí ìsọ̀ kejì. ALT ń gbà á lára alanine fún alpha-ketoglutarate: alanine á di pyruvate, alpha-ketoglutarate á di glutamate. AST ń ṣe irú rẹ̀ fún aspartate, tí òun á di oxaloacetate. Àwọn méjèèjì lè yí iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn bí ara bá nílò rẹ̀. Láàárín gbígbà àti fífúnni, orí pyridoxal phosphate ni apá amáínò náà máa ń bà lé, fítámì B6 ni ara sì ń lò láti ṣe é.

Iṣan nílò iṣẹ́ yìí gan-an bí ẹ̀dọ̀ ṣe nílò rẹ̀. Nígbà tí ebi bá ń pa wá tàbí tí a bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, iṣan máa ń tú amáínò ásíìdì tirẹ̀ jẹ. Náítírójìn tó bá kù, kò lè fi síbẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ di urea fúnra rẹ̀. ALT inú iṣan á gbé e lé pyruvate lórí, ìyẹn á di alanine, alanine á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀. ALT inú ẹ̀dọ̀ á tún gbà á padà. Ẹ̀dọ̀ á fi pyruvate ṣe ṣúgà fún iṣan, náítírójìn á di urea, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ ò rí i pé méjì ni ibi tí ALT ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Lóòótọ́, ti ẹ̀dọ̀ pọ̀ ju ti iṣan lọ nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣan ṣe pọ̀ tó lára èèyàn. AST ní tirẹ̀ kò yan ibì kan: ó wà nínú ọkàn, iṣan, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọpọlọ àti sẹ́ẹ̀lì pupa.

Ara ẹran iṣan ni Alexander Braunstein àti Maria Kritzmann ti rí iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ yìí ní Mọ́sko ní 1937. Nígbà tí àwọn dókítà sì kọ́kọ́ lò ó láti mọ àìsàn, ní New York ní 1954, AST ni LaDue, Wróblewski àti Karmen fi mọ ẹni tí apá kan iṣan ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e dé orí ẹ̀dọ̀. Karmen yìí kan náà ló sì gbé ọ̀nà kíka ìmọ́lẹ̀ jáde ní 1955, èyí tí ẹ̀rọ wa ní Òṣogbo ṣì ń lò irú rẹ̀ títí dòní. Iṣan ló wà nínú ìtàn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé LFT tí a ń tẹ̀ ló mú kí a gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n wá, ọmọ ọdún 5. Nígbà tí mo ń kọ orúkọ sára ìgò, wọ́n ti sọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fi ìdérí ìgò mínírà ṣeré lórí táìlì. Mo ní kó máa bọ̀ wá gba bisikíìtì. Ó kọ́kọ́ dojú bolẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó la ẹsẹ̀, ó gbé ìdí sókè. Ó gbé ọwọ́ kan lé orúnkún, ó gbé èkejì lé orúnkún kejì, ó wá ń fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi nàró. Bó ṣe ń bọ̀, orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, èjìká rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ìdìde báyìí ti wà nínú ìwé ìṣègùn tipẹ́. William Gowers, dókítà ará Ìlú Ọba, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1879. Iṣan ìbàdí àti itan ló ti rọ, ọwọ́ ló wá ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Mo bi ìyá àgbà léèrè pé, "Màámi, ṣé báyìí ló ṣe máa ń dìde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí ló sọ ọ́ dà báyìí. Ó pẹ́ kó tó rìn náà, ó sì máa ń ṣubú ṣáá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, ẹsẹ̀ akọni ni. Ẹsẹ̀ bọ̀dá ìyá rẹ̀ ló gbé wá sáyé."

Mo fọwọ́ kan ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Ó tóbi, ó le, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí itan tó wà lókè rẹ̀. Kì í ṣe agbára ló wú u bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá àti àpá ló ń gba ipò iṣan tó ń kú.

Mo ní, "Bọ̀dá wọn ọ̀hún ń kọ́, mà?"

Ìyá àgbà dákẹ́. Ìyá Àlàbí ló dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣaláìsí, Àǹtí. Wọn ò tíì pé ogún ọdún. Wọn ò lè rìn mọ́ kí wọ́n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n ní wọ́n tẹ nǹkan ni."

Ọkùnrin kan nínú ìdílé, lọ́dọ̀ ìyá, tó pàdánù ẹsẹ̀ ní kékeré tó sì kú kó tó dàgbà. Mi ò sọ ohunkóhun fún wọn. Ipò mi kọ́ ni láti sọ àrùn lórúkọ níwájú tábìlì tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo pe dókítà tó kọ ìwé náà. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ láàbù ni kí a kọ iye, kí a lù ú ní òǹtẹ̀, kí aláìsàn máa lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa la rí ọmọ náà lórí táìlì, dókítà kò sí níbẹ̀. Mo ka èsì fún un, mo sọ ti GGT, mo sọ bí ọmọ náà ṣe dìde, mo sọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí a fi CK kún un?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe é. Ẹ ṣe é lónìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá pè báyìí ló máa ń gbọ́.

CK, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ creatine kinase, pọ̀ nínú iṣan àti ọkàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ẹ̀dọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tó fi lè ya ọ̀rọ̀ iṣan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. A kì í ṣe é ní láàbù wa. Inú kúlà oníyìnyín la gbé omi ẹ̀jẹ̀ náà sí, ó bá mọ́tò Ìbàdàn lọ. Èsì tó padà wá jẹ́ 16,200, nígbà tí òkè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 200.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ́ka rẹ̀ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni, lọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú iṣan àti ọpọlọ àwọn ọmọdé. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò jíìnì, ó sì fi hàn pé apá kan ti já kúrò nínú jíìnì dystrophin. Àrùn Duchenne ni. Dystrophin, tí a mọ̀ láti 1987, jẹ́ purotéènì tó ń di awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan mú kó má ya nígbà tí iṣan bá ń sún kì. Níbi tí kò bá ti sí, awọ náà á máa ya ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sáré, tó bá gun àtẹ̀gùn, àní tó bá kàn ń ṣeré, ohun inú sẹ́ẹ̀lì á sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. ALT, AST àti CK wà lára ohun tó ń jò. Nítorí pé ó ń jò lójoojúmọ́, kì í wálẹ̀; ìyẹn ló fà á tí èsì inú báàgì ìyá rẹ̀ fi jọra wọn. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí ALT fi ju AST lọ díẹ̀. Bí iṣan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèṣe, AST ló máa ń ga jù, ṣùgbọ́n ó tètè ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí wákàtí 17 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, ti ALT sì ń tó nǹkan bí wákàtí 47. Bí jíjò náà bá ti pẹ́, ALT á bá a, ó sì lè kọjá rẹ̀.

Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 3,500 sí 5,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí káàkiri ayé. Orí kúrómósómù X ni jíìnì náà wà. Ọ̀kan ni ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Obìnrin ní méjì, ọ̀kan tó dára sábà máa ń gbé èkejì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ fúnra rẹ̀ láìsí lára ìyá, ṣùgbọ́n nínú ìdílé yìí, ikú ẹ̀gbọ́n ìyá ti jẹ́rìí sí ibi tó ti wá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ nílé ọkọ. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé "ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá", àwọn kan ti ń sọ pé ìdílé rẹ̀ ló kó ibi wọlé. Dókítà ilé ìwòsàn olùkọ́ni náà ní kí ọkọ rẹ̀ wá, kí ìyá ọkọ náà wá. Ó jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé pé kò sí ohun tí obìnrin náà jẹ, tó mu, tàbí tó ṣe. Pé òun náà kò mọ̀ pé ó wà lára òun. Pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ mìíràn má ní in rárá. Ìyá Àlàbí sọ fún mi pé ọkọ òun sunkún nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, pé láti ọjọ́ náà, ọkọ náà ni ó máa ń gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ní tiwọn wá sí láàbù. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá nǹkan kan náà ló pa ọmọ tiwọn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn kò sí lọ́wọ́ wa tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ bá a mu. Wọ́n ní, "Nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan sílẹ̀ fún un tẹ̀." Mo ní, "Rárá, mà." Wọ́n ní ó ti lé lógún ọdún tí àwọn kò ti kí obìnrin kan ládùúgbò.

Oògùn tó máa wo àrùn yìí sàn pátápátá kò sí lọ́wọ́ wa níbí, wọn kò sì fi èyí pamọ́ fún ìdílé náà. Prednisolone ni wọ́n fi í sí, èyí tó máa ń jẹ́ kí ọmọ lè rìn pẹ́ díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má dá a dúró lójijì. Wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí iṣan ìgìgísẹ̀ má baà kúrú. Wọ́n ti ya àwòrán ọkàn rẹ̀, wọ́n á sì máa yà á lọ́dọọdún, nítorí ọkàn náà iṣan ni. Wọ́n ní kí àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, wá fún àyẹ̀wò jíìnì. CK nìkan kò tó fún obìnrin, torí ó lè wà ní ìwọ̀n tó yẹ kí ó sì jẹ́ pé ó ní jíìnì náà lára.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ìyá Àlàbí bi mí nígbà tó mú ìwé ilé ìwòsàn wá ni pé, "Àǹtí, ṣé ó lè jẹ ẹyin báyìí?" Mo ní kó fún un ní ẹyin, kó fún un ní ẹ̀wà, kó fún un ní ẹja. Àgbo ẹ̀dọ̀ ti dópin, oògùn ìfọ̀dọ̀ náà ti dópin. Ara rẹ̀ ti ń padà díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé prednisolone máa ń mú ọmọ jẹun jù, wọ́n sì ní láti máa ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe Duchenne nìkan ló ń gbé ALT àti AST sókè láti ara iṣan. Àgbàlagbà tó ṣe iṣẹ́ agbára tí kò mọ́ ọn lára, ẹni tó ń lo oògùn statin fún ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ẹṣẹ́ tairọ́ọ̀dì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo wọn lè gbé irú èsì yìí wá. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kékeré ni mo bẹ̀rù fún jù, nítorí pé kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

Wọ́n ti kọ nǹkan mẹ́ta sí iwájú káàdì Àlàbí ní ilé ìwòsàn náà, ìyá rẹ̀ sì ní ẹ̀dà kan nínú báàgì níbi tí rọ́bà àtijọ́ wà. Èkíní: ALT àti AST rẹ̀ yóò máa ga nígbà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n sọ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, bí ẹ̀dọ̀ bá jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, GGT àti bilirubin ni kí wọ́n béèrè. Èkejì: ó ń lo prednisolone, kí wọ́n má dá a dúró bí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi báírò pupa kọ: bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n má fún un ní suxamethonium, oògùn tí wọ́n fi ń dẹ iṣan nígbà iṣẹ́ abẹ, torí ó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró.